Ọkọ̀ odò láti Huay Xai dé Luang Prabang: ṣé kí a sùn ní ìlú ẹnubodè ni?

Olùkọ́_ChiangMai

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Chiang Mai ní orílẹ̀-èdè Thailand ni mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni mo sì ń lò. Ìsinmi iléèwé ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, ìyá mi náà ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá kí mi. Dípò kí a wọ bàálù, mo fẹ́ kí a gba orí odò Mekong dé Luang Prabang ní Laos. Mo gbọ́ pé ọjọ́ méjì ni ọkọ̀ náà ń lò, àti pé ìlú ẹnubodè kan tó ń jẹ́ Huay Xai ló ti ń gbéra.

Ara ìyá mi le dáadáa, orúnkún wọn nìkan ni kì í gba òkè gígùn. Ṣé kí a sùn ní ìlú ẹnubodè yẹn ni, àbí kí a kàn gba ibẹ̀ kọjá? Kí ló sì yẹ kí n mọ̀ nípa ọkọ̀ náà? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ti débẹ̀ rí bá mi dá sí i.

Ẹsẹ̀_kò_gbélé

Olùkọ́, ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò. Ẹ sùn níbẹ̀. Bí ààyè bá gbà yín, ẹ sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọkọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Òwúrọ̀ ló máa ń ṣí kúrò ní èbúté Huay Xai, kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹni tó bá sùn sí Chiang Rai ní Thailand tó ní òun fẹ́ bá ọkọ̀ ọjọ́ náà, iṣẹ́ ń bẹ níwájú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì láti Chiang Rai dé Chiang Khong, ìlú ẹnubodè ní ìhà Thailand, ń gbà tó wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ibẹ̀, á wá tuk-tuk, kẹ̀kẹ́ Márúwá àwọn ará ibẹ̀, tí yóò gbé e dé ìdí afárá tó sọdá sí Laos, torí afárá náà kò sí láàárín ìlú rárá, ó tó nǹkan bíi kìlómítà 10 sí i. Á tò kí àwọn ará Thailand tó lu òǹtẹ̀ ìjáde fún un. Á wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé èrò sọdá, nítorí wọn kì í jẹ́ kí èèyàn fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Á tún tò lọ́dọ̀ àwọn ará Laos, kó tó wá wọ tuk-tuk mìíràn lọ sí èbúté. Ọ̀pọ̀ ló ń bá ọkọ̀ náà, n kò ní parọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá fi máa dé, ìdí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn pátápátá ni ààyè máa ń ṣẹ́kù sí, ariwo ibẹ̀ kò sì ṣeé fi ọjọ́ kan gbáko gbọ́, pàápàá fún àgbàlagbà.

Oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni wọ́n ṣí afárá yẹn. Afárá Ọ̀rẹ́ kẹrin láàárín Thailand àti Laos ni wọ́n ń pè é. Kó tó di pé wọ́n kọ́ ọ, ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ ló ń gbé èrò láti etídò Chiang Khong sọdá sí Huay Xai láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ ṣì ń júwe ọ̀nà yẹn. Ẹ má ṣe tẹ̀ lé e, afárá ni dandan fún àwa àlejò báyìí. Tí bọ́ọ̀sì bá ń sọdá, ẹ jẹ́ kí ìyá wòta: apá òsì ojú ọ̀nà ni wọ́n ń wà ní Thailand, apá ọ̀tún bíi ti ilé ni Laos ń lò, ibi afárá yẹn gan-an ni àwọn ọkọ̀ ti ń pààrọ̀ ọwọ́.

Ní ti ìlú náà fúnra rẹ̀, ó dùn mí pé àwọn èèyàn ń fi ojú gáréèjì wò ó. Huay Xai ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bokeo. Kò tóbi. Òpópónà gígùn kan ló bá odò lọ, ilé àlejò, ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lókè tó wà lẹ́yìn òpópónà yẹn ni tẹ́ḿpìlì ẹlẹ́sìn Búdà kan wà, Wat Jom Khao Manilat, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1880. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń gùn ún, ère ejò ńlá sì wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn náà. Láti òkè ibẹ̀ ẹ ó rí Mekong láti òkè odò dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú Thailand ní òdìkejì. Apá ìlà oòrùn odò ni Huay Xai wà, nítorí náà ẹ̀yìn òkè Thailand ni oòrùn ń wọ̀ sí. Ẹ lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ẹ bo èjìká yín, ẹ bọ́ bàtà kí ẹ tó wọ inú tẹ́ḿpìlì, kí ìyá má sì fọwọ́ kan àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà tó wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn, nítorí èèwọ̀ ni fún obìnrin.

Kò jìnnà síbẹ̀ ni ẹ ó rí Fort Carnot, ilé àwọn sójà tí àwọn Faransé kọ́ nígbà tí Laos wà lábẹ́ wọn. Láti ọdún 1893 ni ilẹ̀ náà ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́, títí di ọdún 1953 tí Laos gba òmìnira. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ sí ọjà ìlú, nígbà tí ẹ̀fọ́ igbó àti ẹja odò ṣì ń dé. Ìlú tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn tán láàárín ìdajì ọjọ́ ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ó tù mí lára.

Ọmọ_Etídò

Mo bọ̀wọ̀ fún Ẹsẹ̀_kò_gbélé, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pátápátá. Ní ti Olùkọ́ àti ìyá wọn, Chiang Khong ní ìhà Thailand ni mo rò pé kí wọ́n kọ́kọ́ sùn. Èdè tí Olùkọ́ ti ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ATM wà, ilé ìwòsàn wà, síìmù Thailand tó wà nínú fóònù wọn á ṣiṣẹ́. Bí ìwé bá sì wọ́ lójú ibodè, ilé àlejò wọn kò jìnnà sí wọn. Èyí tó burú jù ni kí Thailand ti lu òǹtẹ̀ ìjáde fún èèyàn, kí Laos wá ní òun kò gbà á.

Chiang Khong náà ní ìtàn tirẹ̀. Abúlé Hat Khrai tó wà létídò níbẹ̀ ni àwọn apẹja ti máa ń pẹja àrọ̀ ńlá Mekong, èyí tí àwọn ará Thailand ń pè ní pla buek. Wọ́n ti mú ọ̀kan ní agbègbè Chiang Khong lọ́dún 2005 tó wọn kìlógíráàmù 293. Ẹ fojú inú wo ẹja àrọ̀ tó wúwo ju ọkùnrin mẹ́ta lọ. Ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an báyìí, ó wà lára àwọn ẹja tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa run. Ẹ ó rí àwòrán rẹ̀ káàkiri ìlú.

Bí ẹ bá fẹ́ aṣọ híhun, ẹ béèrè ọ̀nà Hat Bai, abúlé àwọn ẹ̀yà Tai Lue. Ìyá yín tó ti Ìbàdàn wá mọ aṣọ òfì, wọn ó gbádùn kí wọ́n rí ọ̀nà tí àwọn wọ̀nyí ń gbà hun tiwọn.

Ẹsẹ̀_kò_gbélé

Ọmọ_Etídò, ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ sọ yẹn lágbára, mo gbà. Kí wọ́n sun Chiang Khong lálẹ́ ọjọ́ kìíní, kí wọ́n sọdá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìsáré, kí wọ́n sun Huay Xai, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ kẹta. Láti Chiang Khong wọn ó rí oòrùn tó ń yọ lórí Laos, láti Huay Xai wọn ó rí èyí tó ń wọ̀ sí Thailand. Èyí ni mo fẹ́ fún wọn jù.

Ìwé_Pé

Ẹ jọ̀ọ́, kí a tó máa sọ ti oòrùn, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìwé ìrìnnà, torí ibẹ̀ ni ìrìn-àjò àwa ọmọ Nàìjíríà ti sábà máa ń bàjẹ́.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Laos. Wọ́n ń fúnni ní físà lójú ibodè, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìwé ìrìnnà ló ń gbà á, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò sì sí lára àwọn tí wọ́n ń fún. Ẹ má ṣe gbé ara lé ohun tí òyìnbó kan sọ pé òun gbà níbẹ̀ láìsí wàhálà. Ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Laos ní Bangkok, tàbí ọ́fíìsì wọn ní Khon Kaen, kí ẹ gba físà sọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò nílé. Físà orí íntánẹ́ẹ̀tì náà wà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹnubodè ni wọ́n ti ń gbà á. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé orúkọ afárá Huay Xai wà lára àwọn tó wà lórí ìwé wọn lọ́jọ́ yẹn.

Thailand ni àwọn èèyàn wa ń gbàgbé. Bí físà Thailand bá jẹ́ ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ọjọ́ tí èèyàn bá ti jáde ló parí, kódà bí oṣù kan bá ṣì kù lórí rẹ̀. Ìyá yín gbọ́dọ̀ padà sí Bangkok kí wọ́n tó wọ bàálù lọ sílé, àbí? Nígbà náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n ní Chiang Mai kí ẹ gba ìwé àṣẹ ìpadàwọlé fún wọn kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ yẹ físà iṣẹ́ yín wò, ọ̀kan náà ni òfin rẹ̀.

Yẹ́lò káàdì ibà apọ́njú pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè méjèèjì ló ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá. Kí ìyá mú tiwọn dání láti ilé, kí ó sì wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe nínú àpótí. Ìwé ìrìnnà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán oṣù 6 kó tó parí. Ẹ mú fọ́tò pélébé díẹ̀ dání, kí dọ́là tí ẹ bá máa fi sanwó mọ́ tónítóní, torí wọ́n lè dá owó tó ya tàbí tí wọ́n kọ nǹkan sí padà.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ṣeun, Ìwé_Pé, Ọlọ́run á bùkún yín. Èmi gba odò yẹn lọ pẹ̀lú ìyá ọkọ mi, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá Olùkọ́ sọ̀rọ̀ orúnkún.

Omi kò wúwo fún àgbàlagbà. Etí omi ni iṣẹ́ wà. Ní Huay Xai ẹ ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí bèbè, ẹ ó sì gba orí pákó tóóró kan wọnú ọkọ̀. Ìgbà mìíràn ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń so pọ̀, ẹ ó gba inú èkíní dé inú ìkejì. Ní Pak Beng, níbi tí ọkọ̀ ti ń sùn, bèbè ga gan-an, bí omi bá fà bó ṣe máa ń fà ní ọ̀gbẹlẹ̀, gígùn rẹ̀ tún ń pọ̀ sí i. Ní Luang Prabang náà, àtẹ̀gùn ni. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń dúró níbẹ̀ láti bá èèyàn ru ẹrù. Ẹ san owó fún wọn, ẹ fi ọwọ́ yín méjèèjì di ìyá mú. Kí wọ́n má wọ sálúbàtà tó ń yọ̀.

Ọkọ̀ náà gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n fi òrùlé bò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì ṣí sílẹ̀. Ìjókòó ọkọ̀ ilẹ̀ àtijọ́ ni wọ́n kó sínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó rí i pé wọn kò kàn án mọ́lẹ̀. Ẹ tètè dé kí ẹ lè mú àárín tàbí iwájú. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn, kí ẹ mú bébà dání. Wọ́n ń ta omi, ọtí bíà àti núdù nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò tó oúnjẹ. Ẹ ra búrẹ́dì gígùn tí wọ́n ń fi ẹran àti ewébẹ̀ sínú rẹ̀ ní Huay Xai láàárọ̀. Àwọn Faransé ló fi àṣà búrẹ́dì yẹn sílẹ̀ fún wọn. Ẹ ra ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ pẹ̀lú, wọ́n máa ń dì í sínú agbọ̀n kékeré tàbí ọ̀rá. Ìyá ọkọ mi fi ata tí wọ́n gbé wá láti ilé jẹ ẹ́, inú wọn sì dùn.

Oògùn ìyá kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù ńlá o. Wọ́n máa ń kó ẹrù ńlá jọ síbì kan, ẹ kò sì ní rí i mú títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀.

Òtútù! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Chiang Mai mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìyá tó ti ilé wá kò ní mọ̀. Lóṣù Kejìlá, kùrukùru máa ń bo odò láàárọ̀, afẹ́fẹ́ orí omi á sì gé èèyàn bíi ti ọyẹ́. Súwẹ́tà, ìbòrí, ìbọ̀sẹ̀. Tí ó bá di ọ̀sán, oòrùn á dé, wọn ó bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ gba yàrá sílẹ̀ ní Pak Beng kí ẹ tó lọ, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń wá gbé àlejò létí omi. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abúlé òkè kékeré ni, èrò ọkọ̀ kan náà ló ń dé lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí kò ní yàrá á máa gun òkè kiri nínú òkùnkùn.

Atukọ̀_Ọ̀sà

Ọ̀rọ̀ ààbò ni tèmi, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn: ẹ má wọ ọkọ̀ eré. Ní etídò kan náà ni ẹ ó ti rí àwọn ọkọ̀ pẹ́ńpẹ́ tó ń sáré, tí wọ́n á sọ fún yín pé àwọn á gbé yín dé Luang Prabang láàárín wákàtí mẹ́fà tàbí méje. Àṣíborí ni wọ́n ń fún èrò wọn dé. Àpáta wà lábẹ́ omi yẹn, igi ńlá sì máa ń léfòó lórí rẹ̀. Jàǹbá ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ọkọ̀ jẹ́jẹ́ yẹn ni kí ẹ wọ̀. Kìlómítà tó tó 300 ló ń rìn ní ọjọ́ méjì, ẹni tó wà á mọ ibi tí àpáta wà bí ó ṣe mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Oṣù Kejìlá tí ẹ yàn dára. Oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì ni ara máa ń tù jù. Tó bá di oṣù Kẹta àti ìkẹrin, wọ́n á máa jó oko àti igbó káàkiri agbègbè yẹn, èéfín á bo òkè mọ́lẹ̀, omi á sì fà. Ní àkókò òjò, odò á kún, á pọ́n, á sì yára.

Omi náà kì í ṣe ti òjò nìkan mọ́. Àwọn ìsédò wà lókè odò ní Ṣáínà, bíi Jinghong, bí wọ́n bá ṣe ń tú omi sílẹ̀ ni odò ṣe ń ga tàbí fà ní Chiang Khong. Ìsédò Xayaburi tó wà nísàlẹ̀ Luang Prabang ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2019, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí òmíràn tí kò jìnnà sókè Luang Prabang. Èyí lè yí ìrìn ọkọ̀ padà. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé Huay Xai, ẹ lọ sí ọ́fíìsì tíkẹ́ẹ̀tì ní èbúté fúnra yín ní ọ̀sán tó ṣáájú, kí ẹ béèrè aago tí ọkọ̀ ń ṣí àti ibi tó ń gúnlẹ̀ sí. Ẹni tó béèrè létí omi ló ń gbọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀, aṣojú tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Chiang Mai kò rí odò.

Ẹsẹ̀_kò_gbélé

Olùkọ́, ohun tí ẹ ó máa wò rèé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Laos á wà lọ́wọ́ òsì yín, Thailand lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí ẹ bá dé ibi àpáta Kaeng Pha Dai, Thailand á kúrò létí omi, ọ̀tún àti òsì á di Laos. Láti ibẹ̀ ni òkè àti igbó ń pọ̀ sí i. Ẹ ó rí ẹfọ̀n tó ń wẹ̀, ọgbà ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà lórí iyanrìn tí omi fi sílẹ̀, àwọn ọmọdé tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ wá juwọ́. Ọkọ̀ á máa yà sí abúlé tí kò ní ọ̀nà mọ́tò tó dára, á já àpò ìrẹsì tàbí ìyá kan àti adìẹ rẹ̀ sílẹ̀, á tún máa lọ. Èyí ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọkọ̀ aládàáni tó rọgbọ̀kú lọ. Ọkọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ni, àwa ni a bá wọn wọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ kejì, nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ dé, ẹ máa wo ọwọ́ òsì dáadáa bí odò Nam Ou ṣe ń wọnú Mekong. Níwájú ẹnu odò yẹn ni ihò àpáta Pak Ou wà, ère Búdà kún inú rẹ̀. Ọkọ̀ èrò kì í yà níbẹ̀. Láti Luang Prabang ni ẹ ó ti padà wá wò ó bí ẹ bá fẹ́.

Ọ̀nà_Jìn

Kúkúrú ni tèmi. Bí ẹ bá lè yí i po, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Luang Prabang lọ sí Huay Xai, èrò kì í pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gòkè, ìyá á lè na ẹsẹ̀. Àmọ́ ó ń lọ́ra ju èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ sí Vientiane, olú-ìlú Laos, láti Luang Prabang, rélùwéè tí wọ́n ṣí lóṣù Kejìlá ọdún 2021 wà, nǹkan bíi wákàtí méjì ni. Èbúté ọkọ̀ ní Luang Prabang jìnnà sí ìlú tó kìlómítà 10, tuk-tuk ló ń gbé èrò wọlé, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu.

Olùkọ́_ChiangMai

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ti kọ̀wé sí Bangkok láàárọ̀ yìí nípa físà Laos, màá lọ sí ìmígíréṣọ̀n lọ́jọ́ Ajé fún ìwé àṣẹ ìpadàwọlé. Mo ti pe ìyá mi pé kí wọ́n wá yẹ́lò káàdì wọn. A ó sun Chiang Khong lálẹ́ kan, Huay Xai lálẹ́ kan. Tẹ́ḿpìlì orí òkè yẹn, èmi á gùn ún, ìyá á jókòó létí odò dè mí.

Ó ku ìbéèrè méjì. Owó wo ni kí a mú dání? Àti pé ìjókòó ọkọ̀ yẹn, ṣé ó le?

Ìyá_Ìbejì

Wọ́n ń gba baht, owó Thailand, ní Huay Xai, àti nínú ọkọ̀ pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ́ díẹ̀ sí kip, owó Laos, ní Huay Xai kí ẹ lè ra nǹkan ní Pak Beng láìjiyàn. Ẹ má ṣe gbójú lé ATM Pak Beng. Kip tó bá ṣẹ́kù, ẹ ná an tán kí ẹ tó kúrò ní Laos, torí ó ṣòro láti rí ẹni tí á ṣẹ́ ẹ fún yín níta.

Ìjókòó náà kò burú fún wákàtí díẹ̀, àmọ́ ọjọ́ méjì ni. Wọ́n ń ta tìmùtìmù nínú ìlú Huay Xai, lójú òpópónà etídò. Ẹ ra méjì fún ìyá: ọ̀kan fún ìjókòó, ọ̀kan fún ẹ̀yìn wọn.